Kí Ẹ Tó Tún Omi Iyùn Ṣe, Ẹ Kọ́kọ́ Dán Ohun Tí Ẹ Fi Ń Wọ̀n Ọ́n Wò

Ẹnì kan ránṣẹ́ pè mí pé ṣóńṣó ẹ̀ka iyùn (ẹ̀dá alààyè inú òkun tó ń mọ egungun bí òkúta) inú àpótí gíláàsì òun ti ń funfun. Ó ní òun wọn alkalinity omi náà, ó jẹ́ 6, òun sì ti ń bu èròjà sí i lójoojúmọ́ kó lè gòkè. Mo fi ohun èlò tèmi wọn omi kan náà, 11 ni mo bá. Lẹ́yìn náà la fi omi tí a mọ iye rẹ̀ dán ohun èlò tirẹ̀ wò, a sì rí i pé ó máa ń fi nǹkan bí 2 dín iye gidi kù. Omi rẹ̀ wà ní 8 lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Kò sí ohun tó ṣe omi yẹn rárá nígbà náà; èròjà tó ń bù sí i ló gbé e dé 11.

Alkalinity ni iye ásíìdì tí omi lè gbà mọ́ra kí agbára rẹ̀ tó tán. Nínú omi òkun, baikábọ́nétì àti kábọ́nétì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, àwọn náà sì ni iyùn ń lò pẹ̀lú kálísíọ̀mù láti fi mọ egungun rẹ̀. dKH ni ìwọ̀n tí a fi ń ka alkalinity, òun náà ni mo fi ka àwọn iye tó wà lókè yẹn. Omi òkun gidi wà ní nǹkan bí 7 dKH. Àárín 7 sí 11 ni ọ̀pọ̀ wa ń tọ́jú iyùn sí. Bí ohun èlò yín bá ń ka meq/L, tó jẹ́ ìwọ̀n alkalinity mìíràn, ẹ sọ iye náà di ìlọ́po 2.8, dKH ni ẹ ó rí.

Ìdí tí mo fi ka alkalinity sí ju kálísíọ̀mù lọ nìyí. Bí iyùn bá lo 1 dKH, kálísíọ̀mù tó lò mọ́ ọn kò ju nǹkan bíi mìlígíráàmù 7 nínú lítà kan. Nínú omi tó ní 420, 7 yẹn kò hàn sójú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí 8 bá di 7, ẹ ó rí i, bí ìwọ̀n yín bá ṣeé gbára lé.

Ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ ohun èlò ìdánwò ń gbà ṣiṣẹ́: ẹ ó bu omi díẹ̀, ẹ ó kán aró sí i, ẹ ó wá máa kán ásíìdì sí i títí àwọ̀ yóò fi yí padà. Ibi tí a ti ń bu omi gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ohun èlò bá ní kí ẹ bu mìlílítà 4, tí ẹ wá fi ìdá márùn-ún mìlílítà kan lé e, 8 yóò di 8.4. Ojú omi máa ń tẹ kòtò láàárín. Ìsàlẹ̀ kòtò yẹn ni kí ẹ kà, kí ojú yín sì wà ní ọ̀gangan rẹ̀. Èmi kì í fi ojú wọ̀n ọ́n mọ́. Mo máa ń gbé ìgò kékeré náà sórí òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù, màá sì bu omi sí i títí yóò fi wọn gíráàmù 4.1, torí pé omi òkun fi díẹ̀ wúwo ju omi lásán lọ.

Omi inú àpótí náà ni kí ẹ fi ṣan ìgò, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dà nù. Omi ẹ̀rọ tó bá kù sínú rẹ̀ ní alkalinity tirẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún iyanrìn pẹ̀lú: hóró kan ṣoṣo lè máa yọ́ nínú ásíìdì, èsì yóò sì ròkè lásán. Bó bá jẹ́ ìgò tó ń kán ni, ẹ dorí rẹ̀ kodò gbọnrangandan, torí pé ẹ̀kán ìgò tó dagun kì í dọ́gba.

Ti àwọ̀ ńkọ́? Ẹ má ṣe wò ó lábẹ́ iná búlúù tó wà lórí àpótí iyùn. Iná yẹn kì í jẹ́ kí ojú mọ àwọ̀ gidi. Ẹ gbé e síwájú tákàdá funfun, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti mọ́, níbì kan náà nígbà gbogbo. Ibi tí àwọ̀ bá ti yí pátá, tí ẹ̀kán tó tẹ̀ lé e kò yí nǹkan kan padà mọ́, ni òpin. Ẹ yọ ẹ̀kán ìkẹyìn yẹn kúrò nínú ìṣirò.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni omi ìdánwò tí ẹ lè pò fúnra yín. Ẹ wọn gíráàmù 2.1 baking soda, kì í ṣe baking powder o, ẹ yọ́ ọ sínú omi distilled (omi tí a sè, tí a sì gba oru rẹ̀) kó di lítà kan. Omi náà jẹ́ 70 dKH. Ẹ bu mìlílítà 100 nínú rẹ̀, ẹ fi omi distilled bù ú kún kó di lítà kan. Èyí jẹ́ 7 dKH. À ń pò ó lẹ́ẹ̀mejì torí pé òṣùwọ̀n ilé kò lè wọn gíráàmù 0.21 kó péye. Ẹ wá fi ohun èlò yín wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe ń wọn omi iyùn. Bó bá kà 7.5, ẹ kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó ń fi 0.5 lé, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Ẹ tún un ṣe nígbàkigbà tí ẹ bá ṣí ìgò tuntun. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ka àwọ̀ ni kí ẹ má fi omi yìí dá lẹ́jọ́, torí iyọ̀ lè yí àwọ̀ aró wọn padà; omi òkun tí a mọ iye rẹ̀ ló yẹ wọ́n. Ẹ sì nu ìgò wọn dáadáa, torí àmì ìka ń di ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́.

Wákàtí kan náà ni kí ẹ máa wọn omi lójoojúmọ́, kí ẹ tó bu èròjà sí i. Bó bá dá yín lójú pé ó lọ sílẹ̀, ẹ rọra gbé e sókè. Èmi kì í gbé e ju 1 dKH lọ lóòjọ́.

Ní ti ẹni tó pè mí, a dá èròjà dúró, a sì fi iyùn sílẹ̀ kó fúnra rẹ̀ lo alkalinity náà wálẹ̀. Ó tó ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó padà sí 8.