Ìdí Ògiri Tó Ń Rin

Bí òjò oṣù kẹfà bá ti wọlé, fóònù mi kì í sinmi. Láti Ìlódè ni, láti Mọ̀ọ̀rè ni, ní àdúgbò Ilé-Ifẹ̀ níbí, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Birikilà, ògiri tí a tún rẹ́ lọ́dún tó kọjá, ó tún ti ń ṣí o." Bí mo bá débẹ̀, ìdí ògiri ni mo máa kọ́kọ́ fi ìka kàn. Á dún bí igbá òfìfo. Símẹ́ǹtì ti já kúrò lára amọ̀ tipẹ́, wọ́n kàn jọ dúró ni.

Lónìí, a máa ń tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ Jámánì flóò kí omi ilẹ̀ má baà gòkè. Ilé alámọ̀ àtijọ́ kò ní irú rẹ̀. Amọ̀ ń fa omi bí òwú fìtílà ṣe ń fa kẹrosíìnì. Ìyẹn nìkan kò burú, torí bí omi ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń gbé e kúrò lára ògiri. Àwa la wá fi símẹ́ǹtì dé e lẹ́nu. Omi tí kò rí ọ̀nà jáde á túbọ̀ máa gun òkè, ikán á sì tẹ̀ lé e dé ara pákó fèrèsé. Ohun funfun tí ẹ ń rí lára ògiri bí ìyẹ̀fun, iyọ̀ ilẹ̀ ni. Omi gbé e wá, omi gbẹ, iyọ̀ kù, òun ló ń ti ọ̀dà àti símẹ́ǹtì dànù.

Kí ẹ tó ra símẹ́ǹtì, ẹ gé ọ̀rá tó fẹ̀ tó ojú ìwé kan, ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri pinpin, kó sùn síbẹ̀ ní ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀rá, láti inú ògiri ni. Bó bá jẹ́ ojú rẹ̀ tó kọ sí yàrá ló tutù, èémí yín àti ìkòkò ọbẹ̀ ni: ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má pè mí. (Mo mọ̀ pé mo ń ba ọjà ara mi jẹ́.)

Ní ilé màmá kan ní Ìlódè, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti rẹ́ ògiri kan ṣoṣo. Mo yí lọ síta. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń da yẹ̀pẹ̀ sí lọ́dọọdún ti ga ju ilẹ̀ inú yàrá lọ, páànù kúrú, ẹrẹ̀ pupa ta dé orúnkún ògiri, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ ti ń fọ abọ́! Àwọn baba wa kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Àpáàdì tí wọ́n to ní ìdúró sínú àgbàlá, tí ìtàn Ifẹ̀ so mọ́ Ọọ̀ni Lúwo, ọba obìnrin ayé àtijọ́, orí àpáàdì yẹn ni òjò ń bọ́ sí, kì í ta ẹrẹ̀.

A kó ilẹ̀ yẹn títí ó fi wálẹ̀ ju ilẹ̀ yàrá lọ, a jẹ́ kó dà gẹ̀rẹ̀ sí gọ́tà. Díẹ̀díẹ̀ la ń gbẹ́ ẹ o, torí ìpìlẹ̀ ilé àtijọ́ kì í jìn; ẹni tó bá gbẹ́ kọjá rẹ̀ lè rí ògiri lórí ara rẹ̀. A fi páànù kún etí òrùlé. A ṣí símẹ́ǹtì kúrò dé orúnkún, a fi ìhòòhò ògiri sílẹ̀ fún ọyẹ́. Màmá bínú, ó ní ilé òun dà bí ilé ẹlẹ́tẹ̀. Lẹ́yìn ọyẹ́ la tó fi amọ̀ àti iyanrìn rẹ́ ẹ padà.

Mo yà síbẹ̀ nínú òjò tó tẹ̀ lé e, mo fi ìka kàn án, kò dún. Wọ́n ti gbé ibi ìfọbọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Àwọn ọmọ ṣì ń kùn pé ó jìnnà.