Koríko kún ilẹ̀ lásìkò òjò, kí ló dé tí ewúrẹ́ ń rù?

Ìbéèrè: Ewúrẹ́ mẹ́fà ni mo ní lẹ́yìnkùlé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí gbogbo ilẹ̀ gbẹ, ara wọn ń dán. Òjò dé, koríko hù dé orúnkún, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ṣé kì í ṣe ayé ló fọwọ́ kàn wọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ fi ayé sílẹ̀ ná, ẹ wo èèkàn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí ohun ọ̀gbìn tí ẹran máa bàjẹ́, ó ń jẹ kiri ni: èèpo iṣu lẹ́yìn ilé ìyá yìí, ewé ọ̀dán níwájú ilé bàbá tọ̀hún, èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Àmọ́ bí àgbàdo bá ti yọrí nílẹ̀, ẹ ó so ó mọ́lẹ̀ kí aládùúgbò má baà pè yín lẹ́jọ́. Wọ́n ní ibi tí a bá so ewúrẹ́ mọ́ ni yóò ti jẹ. Òótọ́ ni, ibẹ̀ náà ló sì ń yàgbẹ́ sí. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ojú kan náà ló ń pòòyì, ó ń já koríko lórí ìgbẹ́ ara rẹ̀ títí koríko fi kúrú mọ́lẹ̀. Ohun tó wà nínú koríko kúkúrú yẹn ló ń mú un rù.

Ìbéèrè: Kí ni ohun náà?

Ìdáhùn: Aràn ni. Oríṣiríṣi ló wà, ṣùgbọ́n nílẹ̀ olóoru bíi tiwa, èyí tó burú jù ni èyí tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Haemonchus. Ó tín-ín-rín bí òwú, inú ikùn ẹran ló ń gbé, ẹ̀jẹ̀ ló ń mu. Abo kan lè yé ẹyin tó 5,000 lóòjọ́, ẹyin á sì bá ìgbẹ́ jáde. Bí ilẹ̀ bá gbẹ tí oòrùn ń ta, púpọ̀ nínú wọn á kú síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tutù tí ooru sì mú, kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ẹyin á fi di ìdin tó lè wọ inú ẹran. Inú omi ìrì ni ìdin yìí ti ń wọ́ gun ara ewé, kì í sì í sábà gòkè ju ìwọ̀n ìka mẹ́rin lọ. Bí ẹran bá gbé e mì, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, òun náà ti ń yé ẹyin.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀jẹ̀ yẹn. Aràn kan ń gba nǹkan bíi mílílítà 0.05 lóòjọ́, kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹran tó gbé 1,000 aràn sínú ń pàdánù mílílítà 50 lójoojúmọ́. Ewúrẹ́ wa kékeré tó wọn kìlógíráàmù 20, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kò tó lítà kan àtààbọ̀. Koríko wo ló fẹ́ dí ihò yẹn?

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé aràn ni?

Ìdáhùn: Ẹ mú ẹran bọ́ síta ní ojúmọmọ, ẹ fi itan méjèèjì há a mọ́. Ẹ fi àtàǹpàkò kan rọra tẹ ìpéǹpéjú òkè, ẹ fi èkejì fa ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ wo inú rẹ̀. Bó bá pọ́n bí inú gúrófà, ọkàn yín balẹ̀. Bó bá funfun bí ẹ̀kọ, ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn dókítà ẹran ní Gúúsù Áfíríkà ya àwọ̀ márùn-ún sórí káàdì kan fún iṣẹ́ yìí, FAMACHA ni wọ́n pè é. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ náà lè wú, kó rọ̀ bí ẹni pé omi wà nínú rẹ̀. Aràn yìí kì í sábà mú kí ẹran ṣu omi, ìyẹn ló sì ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ.

Bí ara bá gbóná, tí imú ń ṣe kẹ́lẹbẹ̀, tí egbò wà lẹ́nu tí ó sì ń ṣu omi, àrùn tí wọ́n ń pè ní kátà ni kí ẹ fura sí. Oògùn aràn ò ràn án. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń gbà ṣáájú ni ààbò rẹ̀. Ẹ tètè pe dókítà ẹran.

Ìbéèrè: Ṣé kí n máa fún gbogbo wọn lóògùn aràn lóṣooṣù?

Ìdáhùn: Rárá o. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, títí oògùn ọ̀hún fi di omi lásán lẹ́nu wọn. Aràn tí oògùn ò pa ló ń bímọ, ọmọ wọn ló sì ń kún inú agbo. Èyí tí ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun ni kí ẹ fún, kí ẹ sì wọn ẹran kí oògùn má baà kéré sí i. Ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún kò gbọdọ̀ mu oògùn aràn tí wọ́n ń pè ní albendazole.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá fún wọn jẹ?

Ìdáhùn: Ẹ gbé oúnjẹ sókè. Ewúrẹ́ kì í ṣe àgùntàn. Ewé tó bá na ọrùn já ló wù ú. Ẹ di ewé ọ̀dán tàbí ewé ìyeyè ní ìdì, kí ẹ so ó rọ̀ sí ibi tí ẹnu rẹ̀ tó. Bí ẹ bá ń gé koríko, ẹ má gé e mọ́lẹ̀.

Igi tí mo fẹ́ràn jù ni agúnmániyè. Ẹ̀ka rẹ̀ tí ẹ bá rì mọ́ ilẹ̀ lásìkò òjò á hù, á di ọgbà, ewé rẹ̀ sì ń ṣara lóore ju koríko lọ fíìfíì. Ẹran lè kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ nítorí òórùn. Ẹ sá a mọ́jú kó rọ, ẹ pò ó mọ́ ohun tó mọ̀, kò ní pẹ́ mọ́ ọn lára. Kó má ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ rẹ̀ lọ, ẹ má sì fún ẹṣin: májèlé ni fún un, òun náà ni àwọn kan fi ń pa eku.

Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù lè pa ẹran. Ẹ sá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí yóò fi gbẹ tí yóò máa dún. Bí òjò ò bá jẹ́ kó gbẹ, ẹ rìn ín, ẹ fún omi rẹ̀ dànù bíi ti gàrí, kí ẹ tó sá a. Èyí tó bá bu, ẹ dà á nù.

Ìbéèrè: Bí mi ò bá ríbi ṣe, tó jẹ́ pé àfi kí n so wọ́n ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ sún èèkàn lójoojúmọ́, kí ẹ má sì padà sí ojú kan náà títí oṣù kan á fi kọjá. Ooru tó ń tètè sọ ẹyin di ìdin náà ló ń tètè pa ìdin: kì í jẹun, ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń lò, bí ooru bá sì ti mú, kíá ló ń tán. Láàárọ̀, ẹ dúró kí ìrì gbẹ kí ẹ tó mú wọn jáde. Wọ́n á ké. Ẹ ju ewé ọ̀dán díẹ̀ sí wọn, kí ẹ lọ gbọ́ tiyín.