Ìbọn yínyìn lórí ìrìn

Ìbọn yínyìn lórí ìrìn ni ìdánrawò tí ẹni tó mú ìbọn lọ́wọ́ fi ń kọ́ bí ó ṣe lè gbé ẹsẹ̀, yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí fara pamọ́, kí ọta rẹ̀ sì tún bá ibi tó fojú sùn. Ìbọn ìléwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é lókè òkun, níbi tí ẹgbẹ́ ìbọn yínyìn méjì, IPSC (1976) àti IDPA (1996), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ di eré ìdíje. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ọ̀dọ̀ ọdẹ ni irú ìmọ̀ yìí pọ̀ sí, ṣakabùlà sì ni ìbọn wọn. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tí ará ìlú kò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ Ààrẹ. Ṣakabùlà kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ń fẹ́ ìwé àṣẹ.

Ẹsẹ̀ ló ni iṣẹ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ a tẹ orúnkún díẹ̀, a máa gbé ẹsẹ̀ kúkurú, gìgísẹ̀ a kọ́kọ́ kanlẹ̀ kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí apá òkè ara má baà máa fò. Bí ó bá ń fẹ̀yìn rìn, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kanlẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ìka kò gbọdọ̀ sí níbi tí wọ́n ti ń fa ìbọn nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń sáré, ẹnu ìbọn kò sì gbọdọ̀ kọjú sí ẹnikẹ́ni. Ìbọn tí kò ní ọta nínú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ti ọdẹ yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni ṣakabùlà ń dún: wọ́n á da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, wọ́n á fi ọ̀pá kì í, wọ́n á kó ọta lé e, wọ́n á tún kì í. Kò sẹ́ni tó lè ṣe ìyẹn lórí eré. Nítorí náà, ọdẹ ń rìn kó lè sún mọ́ ẹran ni, yóò sì dúró kó tó yìnbọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé gbígbẹ máa ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ nínú oko kòkó àti oko obì Rẹ́mọ; ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ni ọdẹ fi ń wá ilẹ̀ kó tó fara lé e.

Lóru, iná tí ọdẹ dè mọ́ orí ló ń fi ojú ẹran hàn. Ojú tó ń tàn nìkan kò tó, torí ojú ajá ọdẹ mìíràn náà ń tàn. Ó yẹ kí ọdẹ dúró títí yóò fi rí ara ẹran gan-an. Bí ọdẹ méjì bá jọ lọ, wọ́n ní láti fẹnu kò sí ìhà tí oníkálùkù yóò gbà, kí ẹnì kan má baà rìn bọ́ síwájú ìbọn ẹnì kejì.