Bí Ìwé Ìbéèrè Oníjẹjẹrẹ Ṣe Ń Di Urdu

Ìbéèrè 30 péré ló wà nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní EORTC QLQ-C30, èyí tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní ọdún 1993 lábẹ́ EORTC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè sọ ni ó ń bi oníjẹjẹrẹ: ṣé ó lè rìn jìnnà, ṣé ó rí oorun sùn, ṣé oúnjẹ ń wù ú jẹ, báwo sì ni ọkàn rẹ̀ ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ kan tó kọjá. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Urdu, èdè orílẹ̀-èdè Pakísítánì, yékéyéké lè tú u tán ní ìrọ̀lẹ́ kan. Bóyá ohun tó tú náà ṣì jẹ́ òṣùwọ̀n ni a kò tíì mọ̀.

Nítorí náà, ẹni méjì ni a máa ń gbé iṣẹ́ náà fún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ó pa tiwọn pọ̀ di ẹyọ kan, lẹ́yìn náà àwọn mìíràn yóò dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí a lè rí ibi tí ìtumọ̀ ti yẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni a tó lọ jókòó ti àwọn aláìsàn bíi mẹ́wàá. A kì í kàn béèrè bóyá ó yé wọn, torí pé "bẹ́ẹ̀ ni" ni gbogbo wọn yóò sọ. A máa ń ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn sọ ohun tí ìbéèrè náà ń wá.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti máa ń hàn. Ní Pakísítánì, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka Urdu ni kì í sọ ọ́ nílé. Punjabi, Pashto tàbí Sindhi ni èdè ìyá wọn. Bí a bá kọ "qai" fún èébì, a ti kọ ọ̀rọ̀ inú ìwé. "Ulti" ni ará ọjà ń pè é.

Ọ̀rọ̀ akọ àti abo tún wà níbẹ̀, èyí tí àwa ọmọ Yorùbá lè máà fura sí. Urdu a máa sọ pé "aap pareshan rahe" bí ẹni tó ń dààmú bá jẹ́ ọkùnrin, "aap pareshan rahin" bó bá jẹ́ obìnrin. Bí a bá fi ti ọkùnrin nìkan tẹ̀wé, ìwé tí a kọ sí ẹlòmíràn ni obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú ń kà. Àwọn kan máa ń kọ méjèèjì pọ̀, ojú a sì máa rú òǹkàwé. Ní tèmi, kí a yí gbólóhùn náà padà ló dára jù: "kya aap ko pareshani hui", tí í ṣe "ṣé ìdààmú bá yín?", gẹ́lẹ́ bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ́. Ìdààmú ni ọ̀rọ̀-ìṣe ń tẹ̀ lé níbẹ̀, kì í ṣe aláìsàn.

Ọwọ́ ọ̀tún ni Urdu ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó ń to fọ́ọ̀mù bá fi òǹkà ìdáhùn 1 ("rárá") sí 4 ("púpọ̀ gan-an") sílẹ̀ bó ṣe wà ní ti Gẹ̀ẹ́sì, "púpọ̀ gan-an" ni ojú yóò kọ́kọ́ bà.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò kàn. Ẹni tí kò lè kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ rí èsì tó burú ju ti ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé ìwòsàn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé náà ní àléébù. A tún máa ń wo Cronbach's alpha, tó ń fi hàn bóyá àwọn ìbéèrè tó wà fún ohun kan náà ń fohùn ṣọ̀kan, 0.70 sókè ni a sì sábà máa ń fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín. Ìbéèrè mẹ́ta ló ń wọn àárẹ̀: ṣé ẹ nílò ìsinmi, ṣé ara yín kò lágbára, ṣé ó rẹ̀ yín. Bí atúmọ̀ bá kọ "kamzori", àìlágbára, sí méjèèjì tó kẹ́yìn, dípò kí ó kọ "thakan", àárẹ̀, sí ìkẹta, ohun kan náà ni aláìsàn yóò dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, alpha yóò sì gòkè. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ka àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn aláìsàn mẹ́wàá yẹn sọ kí n tó ṣí tábìlì èsì.