Ta ló ní ìgbẹ́ adìyẹ àti fátíláísà ò lè jọ wà nínú ebè kan?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbẹ̀ wa l'Ábẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí o. Tẹ́ ẹ bá dé ọjà Òṣíẹ̀lẹ̀ ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún oníbàárà pé "ọ̀dùnkún tèmi ò rí fátíláísà rí, kò ní jẹrà", àwọn tó ń gbìn ín náà á ní ẹni tó bá ti da ìgbẹ́ adìyẹ sóko, kó má fọwọ́ kan fátíláísà mọ́, torí àwọn méjèèjì máa bára wọn jà nínú ilẹ̀. Wọn ò bára wọn jà rárá.

Ìgbẹ́ adìyẹ máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ oníyanrìn bíi tiwa yìí lè di omi mú, díẹ̀díẹ̀ sì ni oúnjẹ inú ẹ̀ ń jáde. Fátíláísà ní tiẹ̀, kíá ló ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀ lé e lórí yanrìn lásán, púpọ̀ nínú ẹ̀ á bá omi lọ, owó ẹ ló lọ yẹn. Tí ìgbẹ́ bá wà nílẹ̀, á bá ẹ dì í mú, ìyẹn lẹni tó ń da báàgì NPK (fátíláísà tó ní nàítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọ́táṣì nínú) méjì sórí éékà kan fi lè fi ẹyọ kan bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá ṣá. Fátíláísà tí wọ́n ń pè ní yúríà ni. Nàítírójìn, oúnjẹ tó ń mú ewé pọ̀, nìkan ló wà fún irúgbìn nínú ẹ̀, kílò 23 nínú báàgì kílò 50. Lọ́dún tí mo dà á lé ìgbẹ́ adìyẹ tó ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, ìtàkùn bo gbogbo oko, ewé tutù yọ̀yọ̀, inú mi ń dùn, ìgbà tí mo wú ebè ni mo bá gbòǹgbò tó rí bí ìka ọmọdé. Pọ́táṣì ni ọ̀dùnkún fi ń ta, NPK 15-15-15 ní in nínú, eérú igi náà ní in, ṣùgbọ́n ẹ má po eérú mọ́ yúríà o, òórùn tó ń ta yín lójú yẹn, nàítírójìn yín ló ń fò lọ.

Ní ti jíjẹrà, ẹ wo èyí tó bá jẹrà dáadáa, ojú ibi tí ọkọ́ ti gé e ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, tàbí ihò kòkòrò.

Ìgbẹ́ tútù máa ń jó irúgbìn, ẹ kó o jọ kẹ́ ẹ bò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tẹ́ ẹ bá kiwọ́ bọ̀ ọ́ tó ṣì gbóná, kò tíì tó. Ẹ dà á sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọbè, tí ìtàkùn bá wá pé bí oṣù kan, ẹ gbẹ́ kòtò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ẹ̀, ẹ bu NPK sí i, kẹ́ ẹ sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó.