Họ́ọ̀sì páwà kọ́ ló ń fa plough

Mo ti gbọ́ ọ débi tó ti sú mi. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ilẹ̀ díẹ̀ ní Òdogbolú tàbí lọ́nà Ìṣarà, tó wá ń wá tírákítọ̀ tara ẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu ẹ̀ ni "họ́ọ̀sì páwà ẹ̀ ń kọ́?" Tẹ́ ẹ bá ní 50, ojú ẹ̀ á wálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bu ìkókórẹ́ fún tí kò bá ẹja nínú ẹ̀. Àfi kó jẹ́ 90, àfi kó jẹ́ 100, torí "ilẹ̀ wa le, kùkùté sì pọ̀". Ilẹ̀ le lóòótọ́, kùkùté sì pọ̀, pàápàá ilẹ̀ obì àtijọ́ lápá Ṣágámù yẹn, ta ló ń bá yín jiyàn? Ṣé nọ́ńbà ló máa wá bá yín hú kùkùté ni?

Nọ́ńbà náà gan-an, ọ̀pọ̀ ò mọ èyí tí wọ́n ń kà. Ẹnì kan sọ fún mi pẹ̀lú ìdánilójú pé tírákítọ̀ Massey Ferguson 375 tóun fẹ́ rà, họ́ọ̀sì páwà 375 ló ní. Bọ̀ọ̀dá, nǹkan bíi 75 ni. 385 náà, 85. Ẹ má sì tún sáré lọ sọ pé kéèyàn ṣáà ti yọ nọ́ńbà iwájú kúrò ló parí, torí 240 kì í ṣe 40, ó sún mọ́ 50, 290 náà ò sì pé 90. Orúkọ ni wọ́n kọ sára bóńẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ wo ìwé ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dí mi lọ́fun rè é o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀. Ẹṣin tó wà nínú họ́ọ̀sì páwà kì í ṣe èyí tí ìdílé àwọn Balógun ń gùn jó ní Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Ẹṣin ìṣirò ni. Ẹ wo alábàárù méjì ní Òkè-Ajé, àpò gàrí kan náà ni wọ́n gbé, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà dé ìdí mọ́tò, ọ̀kan fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá dé, èkejì fi márùn-ún. Ẹrù ò yàtọ̀. Ẹni tó fi márùn-ún dé ló fi họ́ọ̀sì páwà ju ẹnì kejì lọ ní ìlọ́po méjì. Àkókò ló wà nínú ẹ̀! Họ́ọ̀sì páwà kan ni kéèyàn gbé nǹkan bíi 75 kílò sókè mítà kan láàárín sẹ́kọ́ńdù kan. Tẹ́ ẹ bá lo sẹ́kọ́ńdù méjì, ìdajì lẹ lò, ẹrù yẹn sì gòkè náà.

Ó dáa, ká gbé e wá sóko. Ká ní ilẹ̀ fa plough, irin tí tírákítọ̀ fi ń túlẹ̀, padà bí ẹrù tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn 1,000 kílò, tírákítọ̀ sì ń rìn ní kìlómítà 5 ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ náà sì ni wọ́n ń rìn tí wọ́n bá ń túlẹ̀. Mítà 1.4 nìyẹn ní sẹ́kọ́ńdù kan. 1,000 lọ́nà 1.4, ẹ fi 75 pín in, ó lé díẹ̀ ní 18. Méjìdínlógún! Mo mọ̀ pé gíà máa jẹ díẹ̀ níbẹ̀, táyà máa yọ̀ díẹ̀, ilẹ̀ rírọ̀ máa jẹ tiẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó di 36 tàbí 37, kí ẹ wá fi èyí tí ẹ ó fi pamọ́ fún ibi tó bá ṣòro lé e. A ò tíì rí 100 tí wọ́n ń wí.

Kí ló wá ń fà á? Ìwúwo ni, àti táyà. Tírákítọ̀ ò lè fa ju ohun tí táyà ẹ̀yìn ẹ̀ bá lè di ilẹ̀ mú lọ, lórí ilẹ̀ tó dúró dáadáa, nǹkan bí ìdajì ìwúwo tó wà lórí táyà yẹn ni, lórí ilẹ̀ tó rọ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó bá ju ìyẹn lọ, ariwo àti èéfín ló ń fi ìyókù ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi kan ra tòkunbọ̀ 90 tó fúyẹ́ bíi kòkòrò, ní oko wọn lọ́nà Òde Rẹ́mọ, dísíkì mẹ́ta ni plough ẹ̀, bó ṣe wọlẹ̀ báyìí, táyà bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan, ó gbẹ́ kòtò tí mo lè jókòó sí. Ọpirétọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó wo kòtò, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wọn sọ pé 120 ló yẹ kí wọ́n rà." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. A bu omi kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 mẹ́jọ sínú táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, 400 kílò lápapọ̀ nìyẹn, a gbé e padà sínú aporo kan náà, ó fà á. Ẹ́ńjìnnì kan náà o.

Kí n má purọ́, ibì kan wà tí wọ́n ti jàre. Slasher tó ń gé igbó àti rotavator tó ń fọ́ ilẹ̀ kúnná, PTO, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn tírákítọ̀, ló ń yí wọn, ní yíyí 540 ní ìṣẹ́jú kan, ibẹ̀ ni họ́ọ̀sì páwà ti ń ṣiṣẹ́ gidi. Tó bá jẹ́ pé igbó lẹ fẹ́ máa gé ṣáá lójoojúmọ́, ẹ fi kún un, mi ò ní bá yín jà.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ilẹ̀ yín. Éékà kan jẹ́ nǹkan bíi pulọ́ọ̀tì mẹ́fà oní-ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ́nà 120, ẹni tó bá ní éékà 12 ti ń sọ̀rọ̀ pulọ́ọ̀tì 72, ó ti di bàbá olóko nìyẹn. Plough tó bá ń gé ilẹ̀ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90, tẹ́ ẹ bá yọ àkókò ìyípadà àti ti ọpirétọ̀ tó ń gba fóònù, á túlẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin éékà láàárín wákàtí kan. Wákàtí 16, éékà 12 ti tán. Ọjọ́ méjì! Kí ni ẹ fẹ́ fi 100 sáré lọ bá? Tẹ́ ẹ bá sì wá fi ọ̀pẹ sílẹ̀ láàárín oko, tírákítọ̀ tó gùn ò ní ríbi yí orí padà.

Fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, èmi á wo láàárín 50 sí 75, èyí tó wúwo, tí táyà ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì ní eyín, tí mẹkáníìkì ìtòsí sì ti tú irú ẹ̀ rí. Ẹni tílẹ̀ ẹ̀ jẹ́ amọ̀ tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lè fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní 50 hẹ́kítà, èyí kọ́ ló ń kà.

Àti kùkùté. Ẹni tó bá ń mi kùkùté ara ẹ̀ ló ń mì, àwọn àgbà ti sọ ọ́, àwọn kan ṣì ń so ṣéènì mọ́ ọn, wọ́n á wá gbé ojú ṣéènì sókè síbi tí apá òkè plough ti ń há, dípò ibi ìfà tó wà nísàlẹ̀, wọ́n á wá tẹ ẹ́. Tí kùkùté ò bá gbà, tí táyà sì di ilẹ̀ mú, orí tírákítọ̀ ló máa dìde, ó lè dojú dé sórí ẹni tó ń wà á kó tó ráyè tẹ clutch. Bí họ́ọ̀sì páwà bá ṣe pọ̀ tó lọ̀ràn yẹn ṣe ń yá tó. Ẹ so ó sísàlẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ pe katapílà, tàbí kẹ́ ẹ ṣe bíi tiwa tá a túlẹ̀ yí tiwa ká, a gbin ẹ̀gẹ́ sí ìdí ẹ̀, ó sì ń so.