Àmójútó ọ̀rọ̀ lórí ìkànnì ńlá: ta ló láṣẹ láti yọ ọ̀rọ̀ ẹni?

Bí Facebook tàbí YouTube bá yọ ohun tí èèyàn gbé síbẹ̀, igbe tó sábà máa ń ta ni pé wọ́n ti fi òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ du òun. Ó yẹ kó dunni lóòótọ́, àmọ́ òfin kò wò ó bẹ́ẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ ìkànnì yìí fi ṣe ibùjókòó, Àtúnṣe Àkọ́kọ́ sí ìwé òfin wọn, ti ọdún 1791, ìjọba ló dè lọ́wọ́ kó má fi òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ du èèyàn. Iléeṣẹ́ aládàáni kò sí nínú ìdè yẹn. Lọ́dún 2024, nígbà tí ẹjọ́ òfin Texas àti Florida, tó fẹ́ dí ìkànnì ńlá lọ́wọ́ yíyọ ọ̀rọ̀, dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́ gbà pé bí ìkànnì ṣe ń ṣa ohun tó máa hàn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà ló ń sọ.

Ìṣà yẹn là ń pè ní àmójútó ọ̀rọ̀, kò sì mọ sórí píparẹ́. Wọ́n lè lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀, wọ́n lè ti àkáǹtì pa. Wọ́n tún lè fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n má jẹ́ kó dé iwájú èèyàn púpọ̀. Èyí ló burú jù lójú tèmi, torí ẹni tó kọ ọ́ lè má mọ̀ láéláé. Á kàn rò pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ tòun.

Òfin ìkànnì tó dáa gan-an lè ṣìnà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, Facebook yọ fọ́tò tí wọ́n yà ní Vietnam lọ́dún 1972, ti ọmọdébìnrin kan tó ń sá lọ níhòòhò lẹ́yìn tí bọ́ǹbù oníná jó o lára. Òfin tó de àwòrán ìhòòhò ọmọdé ni wọ́n tẹ̀ lé. Erna Solberg, olórí ìjọba Norway nígbà náà, gbé e sójú ìwé tirẹ̀; wọ́n yọ ìyẹn náà. Ìgbà tí ìwé ìròyìn Aftenposten ti Norway fi ojú ìwé iwájú kọ lẹ́tà sí Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook, tí ariwo sì gbòde, ni wọ́n tó dá a padà. Ta ló máa pa irú ariwo bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò lórúkọ?

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ òfin Digital Services Act ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU), tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún lóṣù Kejì 2024. Kò ní kí ìkànnì má yọ nǹkan. Ó ní kí wọ́n sọ ìdí fún ẹni tọ́rọ̀ kàn, kódà bó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n dín ìtànkálẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù, kí àwọn ìkànnì ńlá sì fún un láyè láti ta ko ìpinnu náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìtanràn rẹ̀ lè tó ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún iléeṣẹ́ náà kárí ayé lọ́dún.

Ẹni tí kò sí ní orílẹ̀-èdè àjọ náà kò lè fi òfin yìí gbèjà ara rẹ̀. Ibi tí ìkànnì fúnra rẹ̀ bá ní kó fẹ̀sùn sí ló sábà máa ń kù fún un. Kó ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ pa mọ́ ná, àtọ̀rọ̀ àtìkìlọ̀, torí bí wọ́n bá ti àkáǹtì náà pa, ẹ̀rí lè bá a lọ.